Ìka Tí Mo Ká Nídìí Ọ̀gànwó

Kó. Kó. Kó. Ẹ̀yìn àdá lára igi ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, kì í lé, kì í dín. Lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dákẹ́, ohùn obìnrin kan á sì jáde jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé: "Àgò o." Á wá dúró. Á dúró títí ewé kan á fi já, tàbí kí ẹ̀ka gbígbẹ kan bọ́ sílẹ̀, kó tó fi ojú àdá kan èèpo. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí mo gbọ́ ìró yẹn kẹ́yìn ní abúlé wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán òní, ní ilẹ̀ àjèjì tí mo wà yìí, mo tún ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ tán ni. Òtítọ́ kan wà tí mo gbé mì ní ìgbà èwe mi. Kò dà nínú mi, kò sì pa mí. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Dókítà ti sọ fún mi pé ó ti rẹ ọkàn mi, pé kí n máa fọwọ́ jẹ́jẹ́ mú ayé. Kí n tó lọ, ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́.

Bùrẹ́ímọ̀ ni orúkọ mi. Ìdí-Ọ̀gànwó ni wọ́n bí mi sí, abúlé kékeré kan láàrin Ifọ̀ àti Ìbògùn. Wọ́n sọ fún mi pé bí ènìyàn bá wọkọ̀ ní Ifọ̀ lónìí, á gbọ́ tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pariwo "Ìdí-Ọ̀gànwó, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín." Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ọ̀gànwó, wọ́n á ní orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù ni. Mi ò bá wọn wí. Èmi ni mo sọ ọ́ di bọ́sítọ́ọ̀pù. Ọ̀gànwó, igi ni. Inú rẹ̀ pupa bí ẹran, èèpo rẹ̀ korò ju ewúro lọ, pákó rẹ̀ sì ń dán bí ojú ọmọge tó fi òrí para. Òun ni àwọn onígẹdú ń tìtorí rẹ̀ wọ igbó wa láti ayé àwọn òyìnbó. Bàbá mi sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ènìyàn á ka ọ̀gànwó láti abúlé wa dé etí odò, á ṣì kà á. Ọkọ̀ agbégẹdú kó wọn lọ sí Èkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fi di géńdé, ẹyọ kan péré ló kù ní gbogbo àgbègbè wa, èyí tí àwọn baba ńlá wa tẹ abúlé dó sí abẹ́ rẹ̀. Òfin tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ kò gùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé e láàyè. Bí ó bá kú fúnra rẹ̀, kí wọ́n gé e, kí wọ́n fi ṣe ilé fún ara wọn. Ẹ fi ọkàn sí òfin yẹn dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Obìnrin tó ń kan igi ní àgò, ìyàwó àbúrò bàbá mi ni. Ìyá Fàúsátù là ń pè é. Mo ti tó ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí wọ́n gbé e wọlé wa, nítorí náà kò gbọdọ̀ pè mí lórúkọ. Ọmọ ilé ni mí, ìyàwó ilé ni òun. Eyínfúnjowó ló sọ mí. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, wá jẹun." Títí mo fi di ọkùnrin onírùngbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pè mí. Iṣẹ́ egbòogi ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Èèpo ọ̀gànwó yẹn ló fi ń se àgbo ibà, tó fi ń wo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Láti Ifọ̀ ni wọ́n ti ń wá bá a. Èmi gan-an, ibà fẹ́ gbé mi lọ nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà fún ọjọ́ mẹ́rin, àgbo kíkorò yẹn ló ń kán sí mi lẹ́nu pẹ̀lú ìka. Mo rántí ìka náà. Ìka kékeré ọwọ́ òsì rẹ̀ kò pé. Àdá ti gé oríkèé méjì kúrò níbẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge, ó wá ku kùkùté kékeré kan tí àwa ọmọdé fẹ́ràn láti máa dì mú.

Ọ̀nà tó ń gbà mú èèpo, òfin ni. Lọ́dún yìí, ìhà tí oòrùn ti ń yọ, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìhà tó ń wọ̀ sí. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Ojú ọgbẹ́ méjì kò gbọdọ̀ pàdé lára igi. Ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé, tí wọ́n fi ṣe òrùka, oúnjẹ kò ní dé gbòǹgbò mọ́, igi ti di òkú nìyẹn, bó tilẹ̀ ṣì ń rú ewé." Bí ó bá ti mú èèpo tán, á po amọ̀ mọ́ eérú, á fi ọwọ́ òsì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tu ọmọ nínú. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí amọ̀ rẹ̀, ẹ ó rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ìka mẹ́rin àti kùkùté kan. Gbogbo ènìyàn abúlé wa mọ ọwọ́ yẹn bí ẹni mọ ìbuwọ́lùwé.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí? Ọmọ àbúrò mi kan wà, Muqtadir, tó ń gbé Mówé, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ifọ̀. Òun àti àwọn ọ̀dọ́ abúlé ń kọ ìwé kékeré kan lórí ìtàn Ìdí-Ọ̀gànwó. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ yìí. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa wò ó. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn tó ṣojú wọn. Ọjọ́ Mọ́ńdè la ń gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé." Mo wọ dígí mi, mo ń kà á pẹ̀lú ẹ̀rín, títí mo fi dé ojú ìwé kọkànlá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin elégbòogi kan tó ń jẹ́ Ràbíátù, ìyá Fàúsátù, ló fi ojúkòkòrò bó ìdí ọ̀gànwó ìkẹyìn yíká, tó pa á, tí àwọn àgbà sì lé e kúrò ní ìlú. Ohùn kan tí wọ́n gbà sórí fóònù tẹ̀ lé e. Muqtadir ní Fàúsátù ló ní kí òun fi ránṣẹ́ sí mi, bóyá mo lè bá a bẹ àwọn tó ń kọ ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Fàúsátù nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta báyìí, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò bínú. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní kí wọ́n má kọ ọ́. Kí wọ́n ṣáà yọ orúkọ ìyá mi. Kí wọ́n kọ 'obìnrin kan.' Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń kàwé." Mo gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Káfíńtà ni mí nígbà yẹn ní Ifọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúríìdọ̀mù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ọ̀dọ̀ onígẹdú kan tí wọ́n ń pè ní Sùlèímọ́nù ni mo ti ń ra pákó. Ó ti di olóògbé, Ọlọ́run á ti bá a ṣe tiẹ̀. Aláwàdà ènìyàn ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi ìlagi rẹ̀, á ní, "Bùrẹ́ímọ̀, igi yín yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ń tọ́jú rẹ̀ kó lè fẹ́ ọmọ yín ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan kò rẹ́rìn-ín. Ó pè mí sẹ́yìn òkìtì pákó, ó ní òun ní ènìyàn ní Gàbọ́ọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń wá àwọn tó mọ igi lójú, àti pé òun lè fi mí ránṣẹ́ lọ síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni mo máa ṣe. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí igi yẹn gé. Mo sọ òfin abúlé fún un. Ó wò mí, ó ní, "Tó bá kú ńkọ́? Òkú kì í bá ènìyàn ṣẹjọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò kọ́ mi ní bí mo ṣe máa ṣe é. Ẹni tó kọ́ mi, obìnrin tó gbé mi pọ̀n ni. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ òrùka sí mi létí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ẹ wo ìkà tí mo jẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú ọyẹ́. Gbogbo abúlé ló ti lọ kírun ní mọ́sálásí ńlá, àwọn obìnrin náà lọ, Ìyá Fàúsátù wà lára wọn. Mo ní inú ń run mí. Ọ̀sán gangan ni mo dé ìdí igi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé, ẹ mọ bí ọ̀sán gangan ṣe ń rí nígbà tí kò sí ènìyàn nílé. Adìyẹ kò ké. Òjìji igi ti ká wọ abẹ́ ara rẹ̀. Mo gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ yíká, ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kí ẹni tó bá ń kọjá má bàa rí ohunkóhun. Mo wá gbé àdá sókè. Kí n tó gé e, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ yí àdá padà, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ kan igi. Kó. Kó. Kó. Àṣà ni, ohun tí mo ti ń wò láti kékeré. Mi ò sọ pé àgò. Mi ò lè sọ ọ́. Mo kàn dúró, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn. Ewé kankan kò já. Lórí igi gíga bẹ́ẹ̀, nínú ọyẹ́ tí ewé ń já lọ́tùn-ún lósì, ewé ẹyọ kan kò já. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Síbẹ̀ mo gé e. Mo bó èèpo rẹ̀ yíká, mo fi ojú ọgbẹ́ pàdé ojú ọgbẹ́, oje rẹ̀ sì ń rọra yọ, ó pupa, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Sùlèímọ́nù kò mọ ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e. Èmi nìkan ni mo rò ó. Ìkòkò amọ̀ rẹ̀ wà nídìí igi níbẹ̀, ó máa ń fi omi sí i kó má gbẹ. Mo bu amọ̀ náà, mo fi lẹ ojú ọgbẹ́ yíká nínú kòtò yẹn. Mo ronú pé bí wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n á bi ara wọn pé ta ni. Mo bá ká ìka kékeré ọwọ́ òsì mi mọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo sì rọra tẹ ọwọ́ mi mọ́ amọ̀, kò jìn, kí ó má bàa hàn pé ọwọ́ ọkùnrin ni. Ìka mẹ́rin àti kùkùté kan. Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra, yíká igi. Mo jókòó tì í kó gbẹ nínú oòrùn, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bò ó, mo da yẹ̀pẹ̀ padà, mo fọ́n ewé sí i lórí. Nígbà tí àwọn ènìyàn ń ti ìrun bọ̀, mo ti wà lórí ẹní. Ìyá Fàúsátù ló gbé àgbo wá fún mi, ó ní, "Eyínfúnjowó, inú ọ̀hún ti dára?" Mo mu ún.

Igi náà kò tètè kú. Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni. Ogún oṣù ló gbà á. Ní ọdún àkọ́kọ́ ó so èso tó pọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, ó ń já lu òrùlé wa tọ̀sán-tòru, ó ń ṣí bí òdòdó onígi, irúgbìn rẹ̀ sì ń fò kiri bí ìyẹ́ kòkòrò. Àwọn ènìyàn yọ̀, wọ́n ní igi ń súre. Ìyá Fàúsátù nìkan ni kò yọ̀. Ó ní òun ti rí aláìsàn tó ń jẹun gan-an kó tó lọ. Ní ọdún kejì, nínú òjò, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti orí wálẹ̀. Ẹyẹ kò bà á mọ́. Lójoojúmọ́ ni obìnrin yẹn ń lọ síbẹ̀, kì í mú èèpo mọ́, ó kàn ń tún amọ̀ ojú ọgbẹ́ àtijọ́ lẹ̀. Á kan igi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á ní "Àgò o," á gbé etí lé e. Mo kọjá lọ́jọ́ kan, ó pè mí. Ó ní, "Wá gbọ́, ìwọ tó o mọ igi. Nígbà kan, bí mo bá kàn án, á dún bí ilé tí ènìyàn wà. Báyìí ó ń dún bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò." Mo gbé etí mi lé e. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló dún sí mi. Lójú Ọlọ́run, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnìkan ń kàn án láti inú.

Baálé ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀, bóyá ikán ló wà níbẹ̀. Mo wà lára àwọn tó gbẹ́ ẹ. Nígbà tí a ká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà yẹn kúrò, amọ̀ náà ti le bí ìkòkò, ọwọ́ sì wà lára rẹ̀ yíká. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ìyá Fàúsátù lẹ́yọ lẹ́yọ. Baálé ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, ó yíjú sí mi, ó ní èmi ni mo mọ iṣẹ́ igi, kí ni mo rí. Mo ní wọ́n bó igi náà yíká ni. Mo ní ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní ta ni. Mo ní kí wọ́n wo ọwọ́. Mi ò dárúkọ. Mo rò pé ìyẹn á dín ẹ̀ṣẹ̀ mi kù. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé èèpo ìdí igi ló ń lágbára jù, pé ojúkòkòrò ni, pé ìdí nìyẹn tó fi ń sunkún kiri ibẹ̀. Ọkọ rẹ̀, àbúrò bàbá mi, ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó ní, "Ọwọ́ mi ni. Iṣẹ́ mi kọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọwọ́ mi lé e, kí ẹ wò ó bóyá ó bá a mu."

Ibí yìí ni èyí tó burú jù wà. Kì í ṣe igi. Ègé amọ̀ kan tó ṣí kúrò wà lọ́wọ́ mi, èyí tí àmì ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù lọ. Ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ti na ọwọ́ òsì rẹ̀. Kéékèèké ni àwọn ìka rẹ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo amọ̀, mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá pàdé, ojú afọ́jú gan-an á rí i pé kò dọ́gba. Amọ̀ náà já bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Irọ́ ni mo tún fẹ́ pa yẹn. Kò já bọ́. Mo jù ú sílẹ̀ ni, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sí mi. Kò wo ilẹ̀. Ọwọ́ mi ló wò, ó pẹ́ kó tó gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí pé èyí tó kù ṣì wà lára igi. Ìbínú ti dé, wọn kò wá ẹ̀rí mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó di ọmọ ọdún mẹ́jọ kan mú lọ́wọ́, ó gba ọ̀nà Ifọ̀ lọ. Kò sí ẹni tó sìn ín. Láti ọjọ́ náà, "ọmọ apagi" ni orúkọ Fàúsátù.

Sùlèímọ́nù dé lọ́sẹ̀ kejì pẹ̀lú ayùn rẹ̀; èmi ni mo sọ fún Baálé pé kí wọ́n ta igi náà fún un, kí wọ́n fi owó rẹ̀ kọ́lé. Nígbà tí ayùn wọ àárín igi, ẹni tó dì í mú dúró. Ó ní ta ló sọ pé igi yìí ti kú. Omi ń ṣàn jáde ní ojú ayùn, ó pupa, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n wò mí. Mo ní bí ọ̀gànwó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó wó lulẹ̀, ilẹ̀ mì, lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ kan wọ abúlé wa láti òkè tí a kò rí rí, ojú sì ti gbogbo wa, bí ìgbà tí wọ́n ká aṣọ kúrò lára ènìyàn. Wọ́n kó o sórí agbégẹdú. Ọkọ̀ kò tíì ṣí nígbà tí ìró kan jáde láti inú ìtì igi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Dírẹ́bà ní igi ló ń sán. Òótọ́ ni pé igi máa ń sán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ó dákẹ́, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.

Mo gba pákó kan nínú rẹ̀, mo fi kan àpótí tí mo máa gbé lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Mo yà ní Àgbàdo kí n tó lọ, mo fẹ́ rí ìbátan mi kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin níbẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Fàúsátù. Ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ó kó egbò àti ewé lé e, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbẹ. Mo fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ti rí mi. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi." Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ó kúnlẹ̀, nítorí pé ọmọ ilé ni mí. Ó fa ọwọ́ òsì mi mọ́ra, ó mú ìka kékeré mi, ó rọra nà án títí ó fi gùn tán. Ó ní, "Ó mà gùn." Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ lókèèrè, ilẹ̀ ti ń gbọ̀n lábẹ́ wa. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyàwó lórí ọmọ ilé? Ta ló máa gbà á? Èmi ò ní sọ ọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́. Ọjọ́ tó o bá ṣe tán, kan ìlẹ̀kùn." Ọkọ̀ ojú irin kọjá láàrin ọ̀rọ̀ wa, nígbà tó fi kọjá tán, obìnrin náà ti ń dá ẹlòmíràn lóhùn lórí iye ewé. Ó kú síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Mi ò wá síbi ìsìnkú. Mi ò padà wálé rárá.

Ṣé ẹ rò pé mo jẹ ayé ní Gàbọ́ọ̀nù? Mo jẹ ẹ́ o. Mo ṣiṣẹ́ ní ibùdó igi létí òkun, mo kọ́lé, mo bímọ. Ṣùgbọ́n àpótí yẹn wà ní igun yàrá mi. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀sán gangan, á kan ara rẹ̀. Kó. Kó. Kó. Mo ní igi ló ń gbẹ. Ọdún wo ni igi fi ń gbẹ tí kì í gbẹ tán? Ìyàwó mi Ìbíwùnmí kò mọ ìtàn náà. Lọ́jọ́ kan tó gbọ́ ọ láti ibi ìdáná, ó dáhùn pé "Àgò yà o," ó nu ọwọ́, ó lọ ṣílẹ̀kùn ìta. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó padà wọlé, ó dúró níwájú àpótí náà, ó ní, "Bàbá Ìbùkún, inú ibí ni wọ́n wà." Kò tún wọ yàrá yẹn nìkan mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tó ń kú lọ, ó bi mí pé ta ni mo fi sí ẹnu ọ̀nà tí mi ò dá lóhùn. Ní oṣù tí a sin ín ni ìka kékeré ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì dúró síbẹ̀. Dókítà ní ọjọ́ ogbó ni, pé iṣan ló sún kì. Ó fẹ́ nà án, kò nà. Bí mo bá gbé ọwọ́ mi sókè sí ìmọ́lẹ̀ báyìí, òjìji tó ń bọ́ sí ara ògiri, ìka mẹ́rin ni àti kùkùté kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ ìwé, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀ fún yín. Ọ̀gànwó lè hù padà, wọ́n ní àwọn ọmọ yunifásítì ní Ìbògùn ń wá irúgbìn rẹ̀ kiri. Orúkọ ènìyàn ni kì í hù padà fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ẹlòmíràn tẹ amọ̀. Lónìí, ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo jókòó ti àpótí náà, mo gbé fóònù. Mi ò fi ránṣẹ́ sí Muqtadir nìkan. Mo fi sí orí Wọ́sáàpù gbogbo ẹbí, níbi tí àádọ́rùn-ún ènìyàn wà, níbi tí Fàúsátù wà. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ẹbí mi, èmi Bùrẹ́ímọ̀ ni mo pa ọ̀gànwó wa. Èmi ni mo bó ìdí rẹ̀ yíká ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ẹ lọ kírun. Èmi ni mo ká ìka mi kí ó lè dà bí ọwọ́ Ràbíátù ìyàwó ilé wa, èmi ni mo sì fọ́ amọ̀ kí ó má bàa gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e. Kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Muqtadir, má yọ orúkọ rẹ̀ ní ojú ìwé kọkànlá. Kọ ọ́ kó hàn, kọ pé òun ló tọ́jú igi náà dópin, kí o wá kọ tèmi sí ibi tí o kọ tirẹ̀ sí. Fàúsátù, àbúrò mi, mo mọ̀ pé ó pẹ́. Bí o bá ní kí n má wọlé, mi ò ní jiyàn. Ìyá rẹ ní kí n kan ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ tí mo bá ṣe tán. Mo ti kàn án. Àgò o."